Bọ́ńpà tó ki kọ́ ló máa dá ẹ̀mí ẹ sí o

Ẹ̀yin oní-Hilux, ẹ má bínú sí mi lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jó irin, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kẹ́nì kan má dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi kó ní "Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ bá mi ṣe bọ́ńpà tó máa gbé wíǹṣì, ẹ lo irin tó ki dáadáa o, kí tírélà gan-an tó bá gbá mi ó mọ̀ pé òun gbá nǹkan." Wíǹṣì yẹn, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀, mo gbà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko kòkó lápá Ìdànrè nígbà òjò mọ ohun tí ẹrẹ̀ ń fojú mọ́tò rí. Irin tó ki yẹn ni mi ò gbà, torí ẹ̀mí lẹ rò pé ẹ̀ ń fowó ẹ̀ rà.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti wá ṣá. Nínú go-slow, dáńfó á fi imú ha bọ́ńpà irin ẹ, tiẹ̀ á fọ́, tìẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ewúrẹ́ á já lu mọ́tò, igi á dábùú ọ̀nà, irin á gbà á. Èèyàn á rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí nìyẹn, ó ti gbà pé bó ṣe máa rí náà nìyẹn tó bá wà lórí eré. Kì í rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Iwájú mọ́tò tó ń rún wómúwómú tẹ́ ẹ ń pè ní páálí yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnjiníà Mercedes-Benz kan tó ń jẹ́ Béla Barényi ló gba patent ẹ̀, ìyẹn ìwé pé òun ló ni ọgbọ́n náà, ní 1952, mọ́tò Mercedes àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe jáde fún títà ní 1959. Bí iwájú bá ń rún, ara ẹ ń rí àyè dúró díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò ń sá 60 km/h, ó forí sọ ògiri. Tí iwájú bá rún wọlé tó 60cm, agbára tó máa bá ara èèyàn á tó ìwúwo ara ẹ̀ lọ́nà 24. Tó bá jẹ́ 20cm péré ló rún torí irin ò gbà fún un, ó di lọ́nà 70 ó lé. Tẹ́ni náà bá wúwo tó 70kg, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún ló ń fà á mọ́ bẹ́líìtì yẹn. Bọ́ńpà ẹ á sì wà dáadáa o, àwọn mọ̀lẹ́bí á rí i tà. Airbag náà ńkọ́, bọ́ńpà tó bá mọ́tò wá ni kọ́ńpìnì fi wọn ìgbà tó yẹ kó bú, tẹ́ ẹ bá ti yí iwájú padà ó lè pẹ́ kó tó bú, ó sì lè bú nígbà tí kò yẹ.

Àwọn kan á ní "Mọ́tò ayé àtijọ́ ni mọ́tò, irin gidi." Ní 2009, IIHS, àjọ tó ń dán ààbò mọ́tò wò ní Amẹ́ríkà, gbé Chevrolet Bel Air ti 1959, wọ́n fi kọlu Chevrolet Malibu ti 2009, méjèèjì ń sá 64 km/h. Bèbí ìdánwò tí wọ́n gbé síbi dẹ́rẹ́bà nínú Bel Air, ká ní èèyàn ni, ó ti kú. Ti inú Malibu, ẹsẹ̀ ló máa dùn ún. Ẹ tún wo ọdún yẹn, 1959 kan náà tí Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó ń rún.

Ìwúwo wá ńkọ́? Pléètì 10mm, mítà kan níbùú lóròó jẹ́ 78.5kg, ti 4mm jẹ́ 31.4kg. Bọ́ńpà kan lè jẹ pléètì tó mítà kan níbùú lóròó lé díẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 1.2, ti 10mm ti di 94kg nìyẹn, wíǹṣì fúnra ẹ̀ á tó 40kg. Gbogbo 134kg yìí sì fi bíi mítà kan yọ síwájú táyà iwájú. Lára Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin, àárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn jẹ́ 3,085mm, torí náà iwájú á gba nǹkan bíi 177kg, ẹ̀yìn á fúyẹ́ ní 43kg. Ẹ wá máa pariwo pé sípíríǹgì iwájú ti lọ, ẹ̀yìn mọ́tò ń yọ̀ tí òjò bá rọ̀.

Ibi tí agbára wà ni bí bọ́ńpà ṣe di ṣáṣí mú. 4mm tó fún ojú ẹ̀, ibi tí wíǹṣì máa jókòó lé àti etí méjèèjì tó wọ ẹ̀gbẹ́ ṣáṣí ni mo máa ń fún ní 8mm, bóòtù 8.8, ìyẹn bóòtù tó le dáadáa, ni mo sì fi ń dè é. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó o mọ́ ṣáṣí, iná máa ń jẹ́ kí irin ṣáṣí rọ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ jó ohunkóhun lára mọ́tò ẹ kọ́kọ́ tú bátìrì kí brain box, kọ̀ǹpútà mọ́tò, má bàa jóná. Wíǹṣì náà, ẹ mú ìwúwo mọ́tò pẹ̀lú ẹrù ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po kan àbọ̀, bí agbára wíǹṣì ṣe yẹ kó tó nìyẹn. Hilux tó bá kún dé ẹnu ń lọ sí 2,900kg, ìlọ́po kan àbọ̀ ẹ̀ jẹ́ 4,350kg, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí wíǹṣì 9,500 lb lára wọn, ìyẹn 4,309kg, ó sún mọ́ ọn gan-an. Ẹ mọ̀ ṣá pé ìpele wáyà tó sún mọ́ róólà jù lọ nìkan ni nọ́ńbà yẹn wà fún, tí wáyà bá ṣì wé lé ara wọn agbára ẹ̀ ti dínkù, ẹ tú u jáde dáadáa kẹ́ ẹ tó fà.

Oníbàárà kan tí mo sọ gbogbo èyí fún lọ́dún tó kọjá bínú kúrò, wẹ́dà míì bá a ṣe ti 10mm. Oṣù kẹta ló padà, iwájú Hilux ti dorí kọdò bí àgbò tó fẹ́ kàn, táyà ti jẹ lápá inú. Mo gé e. Pléètì yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, orí ẹ̀ la ti ń lu irin báyìí.