Èsì fún oníbàárà wa tí wàrà wọn kan lọ́jọ́ kẹta

Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. A ti ka ohun tí ẹ kọ: wàrà 20 tí a fi ránṣẹ́ sí yín ní Òkè-Fìà lọ́jọ́ Ẹtì, inú fíríìjì lẹ gbé e sí, síbẹ̀ nígbà tó fi di ọ̀sán Àìkú, ọ̀rá ti wú, omi ibẹ̀ ń fà, wàrà ti kan. Ẹ má bínú.

Ẹ̀bi dídì jẹ́ tiwa. Gbígbóná la kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, a sì so ó pinpin. Ti ẹ̀gbẹ́ á ti tutù, ti àárín á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Ike onídèérí la ó máa lò báyìí, wàrà márùn-ún márùn-ún, lẹ́yìn tó bá tutù tán.

Ṣùgbọ́n ewé bomubomu, èyí tí a fi ń mú mílíìkì dì di wàrà, tí ẹ dá lẹ́bi, kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, wàrà á korò ni, ọ̀rá ò ní wú. Omi ibẹ̀ ni kí ẹ bi. Omi wàrà ní ṣúgà tí kòkòrò ń jẹ tó fi ń kan, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ló sì ń fẹ ọ̀rá. Omi á kọ́kọ́ kan, wàrà á wá mu ún. Bí ẹ bá sì da omi nù láìfi òmíràn rọ́pò, ojú wàrà á gbẹ, á bu.

Ẹ se omi lítà kan pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì mẹ́ta, kó tutù, kí ẹ wá kó wàrà sí i kó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn fíríìjì ni kó wà, kì í ṣe ara ìlẹ̀kùn tí ooru ti ń wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ bù ú o, ṣíbí tó mọ́ ni. Á lo ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá mú iná lọ tó wákàtí mẹ́rin (ẹ kúkú mọ̀ wọ́n), ẹ tún un sè nínú omi iyọ̀ tuntun, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí kí ẹ dín in lójú ẹsẹ̀. Tó bá wọ fíríísà, á máa rún. Ọbẹ̀ nìkan ló kù tó yẹ ẹ́.

Èyí tó ti ń fà yẹn, ẹ dà á nù. Májèlé àwọn kòkòrò kan kì í kú lórí iná. Wàrà 20 míì ń bọ̀ lọ́la, lọ́fẹ̀ẹ́, kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀.