Ta Ni Yóò Gba Ìwé Ẹ̀bẹ̀ ní Pápá Ìṣeré?

Ìwọ́de EndBadGovernance, tí wọ́n fi tako ebi àti ìjọba burúkú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2024, ku ọ̀la ku ọ̀túnla ni àṣẹ ilé ẹjọ́ jáde. Ní Àbújá, pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ni kí olùwọ́de ti máa sọ tiwọn. L'Ékòó, ọgbà Gani Fawehinmi l'Ójòta àti Peace Park ní Kétu. Ẹnu apá ìjọba nìkan ni adájọ́ gbọ́ kí wọ́n tó pàṣẹ, ilẹ̀ sì ti ṣú jù fún apá kejì láti pẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Abẹ́òkúta. Ọmọ Gbágùrá ni Abíọ́lá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá náà. Inú àtìmọ́lé ló kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998, torí ó ní òun kò ní fi ìbò 1993 sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wá di ibi tí wọ́n ń há ẹlẹ́hónú mọ́. Àfi kéèyàn fọwọ́ lérán.

A ti wí èyí tó tẹ̀lé e yìí títí ẹnu fi ń kan wá: olùwọ́de kì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó ń fi tó wọn létí ni. Láti 2007 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti là á mọ́lẹ̀ pé ìwọ́de kò nílò ìwé àṣẹ. Abala 83 òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì sọ pé tí ẹgbẹ́ bá ti fi tó ọlọ́pàá létí, iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti kó èèyàn wá dáàbò bo olùwọ́de. Ojú kàǹtà àgọ́ ọlọ́pàá ló ti máa ń bàjẹ́: wọ́n á gba lẹ́tà, wọn ò ní lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà, tó bá di ọ̀la, “a ò rí lẹ́tà kankan.” Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí ọjọ́, aago, ibi tí ẹ ó ti gbéra àti títì tí ẹ ó gbà wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó, ẹ jókòó dè é títí òǹtẹ̀ yóò fi balẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Ibi tí a ti ń wọ́de kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí wọn ò fún Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tó ń tako owó orí obìnrin, láyè láti wọ́de, àwọn ìyá wa ní pikíníìkì làwọn ń lọ, ọdún làwọn ń ṣe. Lópin oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 kó ara wọn jọ síwájú ààfin Aké, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Aláké ni òyìnbó gbé agbára ìjọba ìbílẹ̀ lé lọ́wọ́, òun nìkan. Ẹnu ọ̀nà agbára yẹn ni wọ́n lọ. Wọ́n ti ń dá owó ẹgbẹ́, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn tó yí i ká kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀bẹ̀, wọ́n tún gba akáńtáǹtì láti tú ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké náà, Adémọ́lá Kejì, fi ìtẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fagi lé owó orí obìnrin, obìnrin 4 sì wọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

William Gamson, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, yẹ ẹgbẹ́ 53 tó kojú àwọn alágbára níbẹ̀ láàárín 1800 sí 1945 wò. Òṣùwọ̀n méjì ló fi wọ̀n wọ́n: ṣé àwọn tí wọ́n bá jà gbà pé ẹni tí a ń bá dúnàá-dúrà ni wọ́n? Ṣé ohun tí wọ́n ń fẹ́ sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́? Ẹgbẹ́ tó bá rí ti àkọ́kọ́ láìrí èkejì, àga ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Ó tún rí i pé ẹgbẹ́ tó ní orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti òfin rẹ̀ nínú ìwé, tí àṣẹ rẹ̀ sì ń wá láti ojú kan, ló sábà máa ń rí nǹkan gbà. Ti Aké bọ́ sí òṣùwọ̀n méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kejìlá 1950 ò kọjá tí Aláké fi padà sí ààfin.

Ẹ̀yin olùwọ́de náà, ẹ má di ìbéèrè lórí epo, iná, ìbò àti ìwé òfin sínú ẹrù kan ṣoṣo kí ẹ máa retí èsì. Ẹ mú ọ̀kan tàbí méjì, kí ẹ kọ orúkọ ọ́fíìsì tó lè ṣe é sórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjọba tí ẹ ní pápá ìṣeré, kí ni ìwọ́de fẹ́ bá koríko àti àga òfìfo sọ? Ẹ dárúkọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i níbẹ̀ pé òun gba ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tí yóò dé.