Kì í ṣe gbogbo okùn tó nípọn ló lè dá ajá dúró

Wọ́n ní okùn àpò èyíkéyìí, ìyẹn okùn pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé àpò kọ́ èjìká, bó bá ṣáà ti nípọn, tó láti fi rán okùn ọrùn ajá, àti pé òwú kọ́tìn ló dára jù láti fi rán an. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Polypropylene, oríṣi ike kan, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ okùn àpò olówó pọ́ọ́kú. Bí wọn kò bá po èròjà tó ń dènà oòrùn mọ́ ọn, ìta gbangba á sọ ọ́ di gbígbẹ, á hu bí irun, á sì já lọ́jọ́ tí ajá bá ta mọ́ ewúrẹ́. Ẹ gé díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi, ẹ fi ìka fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù. Bó bá ṣì léfòó, polypropylene nìyẹn. Náílọ́ọ̀nù àti pọlisítà, tí wọ́n tún fi ń ṣe okùn àpò, máa ń rì. Náílọ́ọ̀nù lágbára, àmọ́ ó ń mumi, ó sì máa ń fà bó bá tutù. Fún ajá tó fẹ́ràn odò, pọlisítà ni kí ẹ rà.

Kọ́tìn máa ń jẹrà nínú ọ̀rinrin. Òwú pọlisítà tó nípọn ni kí ẹ fi rán an, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ nọ́ńbà 100 tàbí 110, kí ojú rírán kọ̀ọ̀kan gùn tó mílímítà 3 sí 4. Bí ojú rírán bá kéré jù, abẹ́rẹ́ á lu okùn náà jálujàlu, ibẹ̀ ló sì máa ti ya. Níbi òrùka irin tí a ń so ìjánu ajá mọ́, ẹ ṣẹ́ okùn náà lé ara rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ rán an ní onígun mẹ́rin, kí ẹ wá fi ìlà méjì dábùú ara wọn láàárín rẹ̀.

Ẹ wo ẹnu òrùka irin náà dáadáa: bí wọn kò bá jó o pọ̀, ajá ńlá á fà á yà.