Kòfowórọlá Pratt kọ́ ni nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Ìlú Ọba

Tí ọjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé bá ti pé, ìyẹn ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, fọ́tò Ìyáàfin Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt á tún gba orí Facebook àti WhatsApp kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀: nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ ní NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba. Àwọn míì á fi kún un pé òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun, tàbí pé òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, sílẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó dùn wá jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe ní tòótọ́ tóbi ju oyè tí wọ́n ń dá a lọ, oyè yìí ni kò sì jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká mú ti NHS ṣáájú. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìjọba kò kọ́ ilé ìwòsàn tuntun, wọn kò sì gba nọ́ọ̀sì tuntun sínú rẹ̀. 2,688 ilé ìwòsàn tó ti wà nílẹ̀ ní England àti Wales, ti ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ni wọ́n kó sábẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo. Ẹni tó lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ kẹrin gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ọ̀sì NHS ló jí sí láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọ́ọ̀dù kan náà, yunifọ́ọ̀mù kan náà. Omi tuntun rú lóòótọ́, àmọ́ ẹja àtijọ́ ló ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ta ló wá to gbogbo wọn sórí ìlà lọ́jọ́ náà láti wo aláwọ̀ dúdú tó ṣíwájú?

Pratt wà nínú àwọn tí ọjọ́ náà bá lẹ́nu iṣẹ́, èyí kò ṣeé jiyàn. Ọdún 1946 ló dé London, tó wọ Nightingale School ní St Thomas' Hospital, ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣì jẹ́ lọ́dún 1948. Kí ènìyàn tó lè pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tí ìjọba fọwọ́ sí nígbà náà, ó gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta ní ilé ìwòsàn tí General Nursing Council, ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn nọ́ọ̀sì, gbà wọlé fún ẹ̀kọ́. Ìdánwò ìṣáájú wà, tó dá lórí ẹ̀yà ara, ìmọ́tótó àti ìtọ́jú aláìsàn. Ìdánwò àṣekágbá wà, kíkọ sílẹ̀ àti fífi ọwọ́ ṣe lójú olùdánwò. Ẹni tó bá yege tán ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé orúkọ ìjọba, á wá di SRN (State Registered Nurse). Ọdún 1950 ni Pratt di SRN. Nítorí náà, tí a bá ń wá nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tó ti gbàwé ẹ̀rí kí NHS tó bẹ̀rẹ̀, Pratt kò tilẹ̀ sí nínú ìwé yẹn.

Ẹni tó wà níbẹ̀ ni Ọmọ-Ọba Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì. 1935 ló dé Ìlú Ọba, ó gbé nínú ilé tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, ní sí Camden Town, ó lọ sí iléèwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Guy's Hospital ní 1938. Ọdún 1941 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé orúkọ ìjọba. Ìyẹn ju ọdún mẹ́rin lọ kí Pratt tó wọkọ̀ kúrò l'Ékòó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni àjọ fíìmù ìjọba àmúnisìn, Colonial Film Unit, ya fíìmù kan nípa rẹ̀ tí wọ́n pè ní Nurse Ademola, wọ́n sì gbé e káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fáwọn ènìyàn wò. Fíìmù náà ti sọnù, fọ́tò díẹ̀ ló kù. A rò pé sísọnù yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Kò dúró síbi nọ́ọ̀sì nìkan. Ó ṣiṣẹ́ ní Queen Charlotte's, ilé ìgbẹ̀bí tó lórúkọ jù ní London nígbà náà, ó sì yege ìdánwò àwọn agbẹ̀bí. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìyẹn, nítorí nọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, agbẹ̀bí lọ́tọ̀. Central Midwives Board ló ń darí àwọn agbẹ̀bí, kì í ṣe General Nursing Council. Ẹ̀kọ́ náà pín sí apá méjì. Ẹni tó ti jẹ́ SRN á lo oṣù mẹ́fà fún apá kìíní. Ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì á lo oṣù méjìdínlógún fún apá yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á lo oṣù mẹ́fà míì fún apá kejì.

Kí ni wọ́n ń kọ́ tí SRN kò tíì mọ̀? Ẹ wo ohun kan péré: gbígbọ́ ọkàn ọmọ inú. Fónnẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n ń pè ní Pinard ni wọ́n fi ń ṣe é. Agbẹ̀bí á kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì wá ibi tí ẹ̀yìn ọmọ wà lórí ikùn ìyá, ibẹ̀ ló máa gbé ẹnu fónnẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ lé, á wá fi etí ti apá kejì tó pẹlẹbẹ. Bí etí bá ti dì í mú, kó yọwọ́ kúrò lára rẹ̀, torí ìka tó ń fara kan án máa ń dún bo ìró ọkàn. Odidi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń kà á, ó sì yẹ kó wà láàárín 110 sí 160. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú rèé: òpójẹ̀ ìyá náà ń lù lábẹ́ fónnẹ́ẹ̀lì yẹn. Tí ìyá bá ní ibà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọkàn tirẹ̀ lè sáré kọjá 110, akẹ́kọ̀ọ́ á kà á, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ọmọ le, nígbà tí ọmọ ti kú sínú. Ìdí nìyẹn tí agbẹ̀bí fi gbọ́dọ̀ fi ìka kan mọ ìlùkìkì ọrùn ọwọ́ ìyá bó ṣe ń gbọ́ ti inú. Tí méjèèjì bá ń lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti ìyá ló ń gbọ́, kó wá ibòmíì.

Nílé wa níbí náà, ìgbìmọ̀ tó ń darí nọ́ọ̀sì àti èyí tó ń darí agbẹ̀bí wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí di 1979, kí òfin tó dà wọ́n pọ̀.

Ṣé Adémọ́lá wá ni àkọ́kọ́? Rárá o, ẹ má tún gba adé lórí ẹnì kan fi dé ẹlòmíì. Annie Brewster, ọmọ erékùṣù St Vincent, ti ń ṣiṣẹ́ ní London Hospital, Whitechapel, láti 1881, ó sì di ẹni tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù àwọn olójú dídùn kó tó kú ní 1902. Òun náà kò lè jẹ́ SRN, nítorí òfin tó dá ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kò jáde títí di 1919. Princess Tsehai, ọmọ Haile Selassie, ọba Ethiopia, náà kọ́ ìtọ́jú ọmọdé ní Great Ormond Street, ó sì parí ní 1939.

Bí àṣìṣe yìí ṣe ń tàn kálẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé Pratt jẹ́ ọ̀kan lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní NHS, èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹnì kejì fẹ́ kó ṣe ṣókí, ó yọ "ọ̀kan lára" kúrò. Orúkọ tún ń da àwọn ènìyàn láàmú. Kòfowórọlá Adémọ́lá wà, òun ni obìnrin Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Oxford, olùkọ́ ni, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ẹ̀gbọ́n Adénrelé nínú ìdílé Aláké, ni ọkọ rẹ̀. Ìgbà míì, wọ́n á gbé fọ́tò ọ̀kan sórí ìtàn èkejì.

Ti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH ńkọ́? Ọdún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí UCH fúnra rẹ̀ ṣì ń lo ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, kí wọ́n tó ṣí ilé tuntun oníbẹ́ẹ̀dì 500 ní oṣù Kọkànlá 1957. Pratt kò padà wálé títí di 1954. Báwo ni yóò ṣe dá ohun tó bá nílẹ̀ sílẹ̀?

Ohun tó ṣe wà lọ́tọ̀. Kó tó di nọ́ọ̀sì rárá, olùkọ́ ni. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College, Ìbàdàn, ó sì padà lọ kọ́ni ní CMS Girls' School l'Ékòó, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé ló tó wọ St Thomas'. Nígbà tó dé UCH gẹ́gẹ́ bí sístà wọ́ọ̀dù, àwọn obìnrin òyìnbó ló ń di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú, àwọn náà ló sì ń jẹ mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù ní irú ilé ìwòsàn yẹn ló ni àṣẹ lórí gbogbo nọ́ọ̀sì tọ̀sán tòru: ta ló ń lọ wọ́ọ̀dù wo, ta ni sístà, akẹ́kọ̀ọ́ wo ló ti tó ẹni tí a lè fi aláìsàn lé lọ́wọ́. Ní 1964, ipò yẹn bọ́ sọ́wọ́ Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ ní UCH. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀.

Ọdún 1965 yẹn náà ni ẹ̀ka nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ó lè wáyé. Èyí ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ UCH ti 1952. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ gédégédé. Ti UCH ń sọ ọmọ tó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì di nọ́ọ̀sì. Ti yunifásítì gba àwọn tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sọ wọ́n di olùkọ́ nọ́ọ̀sì àti alákòóso, kí orílẹ̀-èdè má bàa máa wá olùkọ́ láti òkè òkun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ifẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì tààrà láti kọ́ nọ́ọ̀sì, ní 1973, ọdún tí àjọ Red Cross àgbáyé fún Pratt ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale.