Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lanu sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ dókítà, èrò ọkàn mi rèé: àwọn ọmọ yìí ń bẹ̀rù yín jù, ẹ̀rù náà sì lè pa aláìsàn.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ tí ọ̀gá dókítà bá ń yípo wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn pátápátá làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà, tí wọ́n á máa sá pamọ́ sẹ́yìn ara wọn kí ojú ọ̀gá má bàa bọ́ sí wọn lára. Àtẹ́lẹwọ́ á ti làágùn. Ọ̀kan nínú wọn lè ti rí i lára fáìlì pé wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ pé oògùn penicillin kì í bá ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí lára mu. Ó wá gbọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n fún un ní amoxicillin, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan lára àwọn oògùn penicillin náà ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ̀gá lẹ́nu? Tó bá lọ ṣì í sọ ńkọ́? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Mi ò gbà rárá. Ṣebí àwọn tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ilé náà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ lè kúnlẹ̀ kí ọ̀gá tán, kó sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n kọ síbí." Èwo ni àfojúdi níbẹ̀?

Láti 1958 ni Joseph Wolpe, dókítà àrùn ọpọlọ ọmọ South Africa, ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ tinú ẹni láìbú ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù rẹ̀ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe àbímọ́. Ẹ yé sọ fún ọmọ tó ń gbọ̀n pé kó ṣọkàn akin. Ẹ kọ́ ọ bí ẹ ṣe kọ́ ọ láti yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò: kó sọ ọ́ lójú yín, kó tún un sọ. Àní nínú ìlànà iṣẹ́ abẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008, kí abẹ tó kan ara, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, kí ohùn kálukú ti jáde.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi máàkì sí sísọ tinú ẹni nínú ìdánwò. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá sì sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù, kódà tí kò tọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú àwọn yòókù.