Kì í ṣe kọ̀ǹpútà rírà ni ètò ICT orílẹ̀-èdè

Bí ìjọba bá ti kéde pé òun fẹ́ gbé ètò ICT (ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti ìbánisọ̀rọ̀) orílẹ̀-èdè kalẹ̀, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́, wáyà fíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n gbà pé kí àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà ṣáà kọ iye ẹ̀rọ tí a nílò, kí ìjọba wá owó rẹ̀, ó parí. Èrò yìí ti fi owó rẹpẹtẹ ṣòfò. Ẹ̀rọ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Òfin, ìnáwó àti ẹni tí yóò dáhùn fún iṣẹ́ ló ń ṣáájú.

Ẹ wo Peru. Ìjọba ibẹ̀ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lé ní 800,000 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Inter-American Development Bank, báńkì tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè Latin America àti Caribbean lówó ìdàgbàsókè, gbé àbájáde ìwádìí jáde lọ́dún 2012 lórí ilé ẹ̀kọ́ 319 ní ìgbèríko, wọn kò rí ẹ̀rí pé máàkì àwọn ọmọ gòkè nínú ìṣirò tàbí èdè. Kọ̀ǹpútà dé lóòótọ́. Ohun tí kò dé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìtọ́sọ́nà tó kún fún olùkọ́ lórí bí yóò ṣe lò ó nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Rwanda gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n pín ètò ICT orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n pè ní NICI, sí ìpele ọdún márùn-ún márùn-ún. Láti 2001 sí 2005, òfin àti àwọn àjọ tí yóò mójú tó iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣáájú. Wáyà fíbà di iṣẹ́ ìpele kejì, láti 2006 sí 2010. Iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe fún ará ìlú wá tẹ̀ lé e láti 2011 sí 2015. Ó nídìí. Iléeṣẹ́ aládàáni kì í da owó rẹ̀ sí ibi tí kò ti mọ ẹni tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, iye tó jẹ́, àti ìgbà tí yóò tán.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíka ohun tó wà nílẹ̀: iye ilé tó ní iná mànàmáná, iye èèyàn tó ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, ìdá mélòó ni 1GB dátà ń kó nínú owó tó ń wọlé fún èèyàn lóṣù. Lọ́dún 2023, ITU, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ṣírò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ti dé ibi tí 95% èèyàn àgbáyé ń gbé, síbẹ̀ bílíọ̀nù 2.6 èèyàn kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ òpó gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé: fóònù ló wọ́n, tàbí dátà, tàbí kí ó má sí ohun tó wúlò fún wọn níbẹ̀ ní èdè wọn. Òpó tuntun kò kan ìṣòro wọn rárá.

Ìgbìmọ̀ ló kàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ nìkan jókòó kọ ètò náà pẹ̀lú àwọn agbaninímọ̀ràn. Ìwé náà á dùn ún kà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ètò ìṣúná tí wọn kò pè kò ní rí ìdí tí yóò fi yọ owó sílẹ̀. Kí ìlera, ẹ̀kọ́, ọ̀gbìn, ilẹ̀ àti owó orí rán ẹni tó láṣẹ wá, kí wọ́n sì mú ìṣòro wá, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ. “Ó ń gba oṣù mẹ́ta kí a tó forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀” ni ìṣòro. “A nílò sọ́fítíwia” kì í ṣe ìṣòro.

Òfin ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bára wọn ṣiṣẹ́. Estonia bẹ̀rẹ̀ sí í lo X-Road, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn iléeṣẹ́ ń gbà béèrè dátà lọ́wọ́ ara wọn, lọ́dún 2001, káàdì ìdánimọ̀ orí ẹ̀rọ sì tẹ̀ lé e ní 2002. Wọn kò kó gbogbo dátà ìlú jọ sójú kan: iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú tirẹ̀, ẹni tó bá nílò rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ìbéèrè náà á sì wà lákọsílẹ̀. Òfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tó lè wo kí ni, kó sì gbà pé ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà lágbára bíi èyí tí a fi ọwọ́ kọ. Láìsí èyí, ìwé tí a fi kọ̀ǹpútà kọ ni a ó tún tẹ̀ sórí bébà, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí a tún dá a padà sínú kọ̀ǹpútà.

Owó ọdún kejì sókè ni ọ̀pọ̀ ètò ń kú sí: iná, dátà oṣooṣù, bátìrì, àtúnṣe, owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ iye tí ẹ̀rọ kan yóò ná yín fún ọdún márùn-ún kí ẹ tó kọ iye tí ẹ ó rà. Ní ti wáyà fíbà, ilẹ̀ gbígbẹ́ àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn lè gba tó 80% owó. Ìlànà kan ṣoṣo pé kí a máa ri páìpù òfìfo mọ́lẹ̀ nígbàkúgbà tí a bá ń ṣe títì lè dín owó kù ju ẹ̀dínwó èyíkéyìí lórí wáyà fúnra rẹ̀ lọ. Nínú kọ́ńtíráàtì, ẹ kọ ọ́ pé ìjọba ló ni dátà, irú fáìlì tí a ó fi kó o jáde, àti iye ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe ní láti gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí dátà kò ṣeé kó jáde nínú rẹ̀ máa ń wọ́n gan-an tó bá yá, torí ẹni tó fúnni ní í dá iye lé àtúnṣe rẹ̀.

Bí ìwé ètò náà bá jáde, ẹ lọ tààrà síbi tábìlì ìmúṣẹ. “Kí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn” kò ṣeé wọ̀n. “Kí 1GB wálẹ̀ láti 6% sí 2% owó tó ń wọlé fún èèyàn lóṣù kí 2030 tó parí” ṣeé wọ̀n. Tí orúkọ iléeṣẹ́ tí yóò ṣe é, ọjọ́, iye owó àti ibi tí owó náà yóò ti wá kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlérí kọ̀ọ̀kan, kí ìgbìmọ̀ padà jókòó kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.