Ìdájọ́ 303 Creative kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀

Ìròyìn kan ń sọ pé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti gba gbogbo oníṣòwò láyè láti lé ọkùnrin méjì tó fẹ́ ṣègbéyàwó padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Oníkéèkì kan ní ìpínlẹ̀ Colorado, tó kọ̀ láti ṣe kéèkì ìgbéyàwó fún ọkùnrin méjì, jàre lọ́dún 2018, adájọ́ 7 sí 2, torí pé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà fojú tín-ín-rín ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn adájọ́ ò fọwọ́ kan ìdí ọ̀rọ̀ gan-an, ìyẹn bóyá oníṣòwò lè kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ti 303 Creative, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù, lọ́dún 2023, 6 sí 3, orí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ló dúró lé: ìjọba ò lè fipá mú ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù kọ ohun tí kò gbà gbọ́. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi àga àti tábìlì háyà ò lè sá sábẹ́ ìyẹn. Àga ò sọ nǹkan kan. Àwọn oníkámẹ́rà ni ọ̀rọ̀ wọn ṣì le, torí ẹnìkan lè ní àwòrán náà jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ.